Ẹni tí yóò sín ènìyàn jẹ gbọ́dọ̀ mọ onítọ̀hún dunjú

Lọ́dún 1826, nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Hugh Clapperton, dé Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn eléégún ṣeré níwájú òun àti Aláàfin. Eégún kan jáde tó múra bí òyìnbó. Ó ń fín áásáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rọra tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Ariwo èrò gba gbogbo agbo. Clapperton fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé eléré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Mo rántí ìtàn yìí nítorí àwọn fíìmù tó ń sín fíìmù mìíràn jẹ, tí a máa ń wò títí tí ẹ̀rín kì í wá. Irú wọn pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Èyí tó dára nínú wọn ni Airplane! ti ọdún 1980. Àwọn tó ṣe é ra ẹ̀tọ́ fíìmù kan tó ti jáde lọ́dún 1957, Zero Hour!, níbi tí ẹja ti dá àwọn awabàálù dùbúlẹ̀ lójú òfuurufú, wọ́n sì tẹ̀ lé e ní ẹsẹẹsẹ. Leslie Nielsen, tó ṣe dókítà nínú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín rárá. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń gọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ lojú rẹ̀ ń le tó. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín wà.

Disaster Movie ti ọdún 2008 ńkọ́? Ẹnì kan á kàn yọ nínú aṣọ akọni fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nǹkan á kọlù ú, ó parí. Ẹni tí kò wo fíìmù àkọ́kọ́ kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó sì ti wò ó kò rí nǹkan tuntun. Aṣọ ni wọ́n yá, wọn kò mọ ìwà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn aláwàdà tiwa náà. Kí ọkùnrin we gèlè, kó máa ṣubú kiri, kò tíì sín obìnrin jẹ. Kó lọ jókòó lọ́jà ná, kó wo bí ìyá aláṣọ ti ń fi ojú kan ka owó, tó ń fi ìkejì ṣọ́ oníbàárà. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò pa wá lẹ́rìn-ín. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó papòdà lọ́dún 2018, ìwà ojúkòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ ládùúgbò ló fi dá wa lára yá.

Òógùn ojú la fi ń wá owó tí a fi ń wo fíìmù. Ẹ̀yin aláwàdà, ẹ ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí.