Kí Ojú Má Ríbi, Ẹsẹ̀ Ni Oògùn Rẹ̀

 

Ọmọ Ìfọ́n tí ó bá ti jókòó ti àgbà rí yóò ti gbọ́ ìtàn Òrìṣà Olúfọ́n, baba arúgbó aláṣọ funfun, nígbà tí ó fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní ó dá Ifá, Ifá sì ní kí ó má lọ, nítorí pé ọ̀nà kò dára. Baba ní lílọ ni òun yóò lọ. Babaláwo wá ní bí kò bá ṣeé dá dúró, kí ó di aṣọ funfun mẹ́ta dání, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú àti òrí. Lójú ọ̀nà, Èṣù da epo sí i lára, ó da èédú sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni baba wẹ̀ lódò tí ó sì pààrọ̀ aṣọ. Síbẹ̀ náà, ọdún méje gbáko ni ó lò nínú ẹ̀wọ̀n kí Ṣàngó tó mọ̀ pé àlejò òun ni wọ́n tì mọ́lé. Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń sọ ọ́ kò gbọ́ èyí tí ó wà nínú rẹ̀ fún mi títí di oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Ní ọdún náà, mo fẹ́ gbé ìyá mi àti àwọn ọmọ mi méjì lọ ṣe ọdún ní Jos, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ti ń gbé ibẹ̀ láti kékeré. Ọkọ̀ wa ni Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Kàdúná. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹkáníìkì wa, àgbàlagbà tí ó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ayé bàbá mi, wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó jáde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú ti ń mì. Ẹ má gbé ọkọ̀ yìí jáde nílùú."

Owó ọwọ́ mi kò tó ṣe nǹkan méjì. Mo rò ó pé àwọn ará Jos yóò rí wa, pé ọ̀dà ara ọkọ̀ ti ṣí, ojú yóò sì tì mí. Mo bá fi owó náà kun ọkọ̀. Funfun báláú ni mo kùn ún, bí aṣọ òrìṣà.

Ìdájí ni a gbéra. A gba Òṣogbo, a gba Iléṣà, a kọjá Àkúrẹ́. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀nà bí èéfín. Nígbà tí a súnmọ́ Ọ̀wọ̀, mo rí igi tí àwọn ọlọ́pàá gbé dí ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ búrẹ́kì. Ọkọ̀ kò tíì dúró tán nígbà tí mo gbọ́ gbàù! Iwájú ọ̀tún wólẹ̀, táyà ṣẹ́ sábẹ́ ọkọ̀, ó sì ń wọ́ wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Sítíárìn wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò darí ohunkóhun mọ́. Tírélà tí ń bọ̀ lẹ́yìn wa fọn fèrè, ó yà, ó kọjá. Ọlọ́run ṣe é, ẹnikẹ́ni kò fara pa. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣáájú ni, nígbà tí mo ń sáré ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ojú ìwé yìí lónìí.

Ìyá mi sọ̀kalẹ̀. Ó wo ọkọ̀ funfun tí ó kúnlẹ̀ sójú títì, ó wo àwọn ọmọ, ó wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?" N kò lè purọ́ fún un.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, pàápàá ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí ó ti dàgbà. Àwọn àgbà ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹni tí ó kun ojú tí ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ ti da òwe náà délẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ náà. Sípíríǹgì ni ó ń ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì kì í ru ẹrù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò; iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó mú kí sípíríǹgì dákẹ́ ijó. Epo ni ó wà nínú rẹ̀, tí ń gba ihò tóóró kọjá. Ìnira tí epo náà ń rí ni ó ń pa fífò ọkọ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti kú, táyà yóò máa fò kúrò nílẹ̀, táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò lè gbọ́ búrẹ́kì, kò lè gbọ́ sítíárìn. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì dà bí oríkèé itan wa: orí irin roboto nínú kòtò tirẹ̀, pẹ̀lú gírísì nínú, àti rọ́bà tí ó bò ó. Bọ́ọ̀ṣì ni rọ́bà tí ó wà láàárín irin àti irin kí wọ́n má baà máa gún ara wọn. Táì-rọ́ọ̀dù ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ sítíárìn lọ bá táyà.

Nínú gbogbo wọn, àwọn tí wọ́n kéré jù ni ikú wà lọ́wọ́ wọn jù. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kú, yóò kọ́kọ́ dà yín láàmú. Bí bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí táì-rọ́ọ̀dù bá yọ, kò ní sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ọyẹ́ ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó fi ń bá wọn jà. Oòrùn àti ọjọ́ orí ti la rọ́bà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku yóò gba ojú ibi tí ó là wọlé, yóò pò mọ́ gírísì, yóò sì máa ha irin jẹ díẹ̀díẹ̀ bí iyanrìn. Òtútù pẹ̀lú ń dín afẹ́fẹ́ táyà kù. Bí ojú ọjọ́ bá tutù sí i ní ìwọ̀n 10 ti Celsius, táyà máa ń pàdánù nǹkan bí páúńdì kan sí méjì. Ooru ọ̀sán ní Lọ́kọ́ja àti òtútù òwúrọ̀ ní Jos, tí ó ga ju òkun lọ ní mítà 1,200 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Nítorí náà, òwúrọ̀ ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà, kí ọkọ̀ tó rìn. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n nígbà tí táyà gbóná tí ó sì lé díẹ̀, ẹ má tú u dànù.

Nígbà tí ó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí ìrìn-àjò, ẹ yẹ ọkọ̀ wò báyìí. Ẹ dúró ní igun kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìwúwo ara yín tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ó yẹ kí ó dìde lẹ́ẹ̀kan kí ó sì dákẹ́. Bí ó bá ń jó bí ọmọ tí ó gbọ́ ìlù, ṣọ́ọ̀kì ti rẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iná wo ara ṣọ́ọ̀kì. Níhìn-ín, ọyẹ́ ń ṣe wá lóore: ibi tí epo bá ti ń jò, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ, ẹ kò sì ní í ṣì í mọ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fi rúlà wọn gíga láti àárín táyà dé etí irin tí ó bò ó, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá lọ sílẹ̀ ju èkejì, sípíríǹgì ti rẹ̀ tàbí ó ti ṣẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé táyà àlòkù ki bọ àárín sípíríǹgì láti gbé ọkọ̀ sókè. Ìyẹn ni a ń pè ní fífi ewé bo egbò.

Ẹ wá fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ fi ìdúró irin tàbí kùkùté igi tí ó lágbára ti ọkọ̀ náà, nítorí pé jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ ẹ̀mí lé. Ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ mì í. Bí ó bá ń dún kò-kò, ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì tàbí bíárìnnì táyà. Ẹ dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ mì í. Bí ó bá yẹ̀, ẹ wo táì-rọ́ọ̀dù. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi irin gígùn tẹ ibi bọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi ojú ara yín rí bóyá rọ́bà ṣì di irin mú.

Táyà pàápàá ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ ní etí kan, aláímẹ́ǹtì ni. Bí ó bá jẹ kòtò-kòtò yíká, ṣọ́ọ̀kì ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn àmì DOT lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ táyà tòkunbọ̀ ni ojú rẹ̀ ń dán tí ó sì ti di arúgbó.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀yà ọkọ̀, yálà ní Géètì ní Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ mú ti àtijọ́ dání kí ẹ fi wé e. Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ní méjì-méjì, ọ̀tún àti òsì papọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ tuntun kan àti ògbólógbòó kan kì í bá ara wọn rìn. Bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì àlòkù, ẹ má rà á rárá. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń fojú fò: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún bóòtù bọ́ọ̀ṣì le pátápátá nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀ lórí jáàkì. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀, kí wọ́n tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà yóò wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà, yóò sì ya kí ọjọ́ tó jìnnà. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ṣe aláímẹ́ǹtì. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ẹ padà, kí wọ́n sì tún gbogbo bóòtù yẹ̀ wò.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Tíṣà, 504 ni tèmi, akin ọkọ̀ ni." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ 504 gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní 1975 àti ní 1978. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sá eré yẹn ní mẹkáníìkì tí ń dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀yà tuntun. Ta ni ó ń dúró de èmi àti ẹ̀yin láàárín Kabba àti Lọ́kọ́ja?

Bí owó kò bá sì tó, ẹ jẹ́ kí ó tò báyìí: bọ́ọ̀lù-jọ́ìntì àti táì-rọ́ọ̀dù ṣáájú, táyà tẹ̀ lé e, ṣọ́ọ̀kì, sípíríǹgì àti bọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn. Ọ̀dà ni kí ó kẹ́yìn gbogbo wọn. Bí owó kò bá tó ṣe ti àkọ́kọ́, ẹ wọ ọkọ̀ èrò. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Lójú ọ̀nà, ẹ má di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ, ìbáà ṣe iṣu ní àlọ, ìbáà ṣe pòtétò Jos ní àbọ̀. Bí ẹ bá já lu kòtò, ẹ tẹ búrẹ́kì kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tí táyà bá ń wọ̀ ọ́, nítorí pé búrẹ́kì ń tẹ iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní sí àyè fún sípíríǹgì láti gbé e. Ẹ má rin òru nínú ọyẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, a tún ọ̀nà Jos tọ̀. Ìyá mi kò wọ ọkọ̀ títí mẹkáníìkì fi wá sílé wa tí ó sì sọ lójú rẹ̀ pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ pé. A lọ, a bọ̀. Ọ̀dà funfun náà ti ń bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti tún ìjàǹbá ṣe, n kò sì tíì tún un kùn. Aṣọ mẹ́ta tí babaláwo ní kí Òrìṣà Olúfọ́n dì, kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀nà á là fún gbogbo wa o.