Géèmù tó dára, géèmù tí kò dára: èrò tiwa ní Kétu

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ Àmín sábẹ́ ẹ̀.

Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí tí àwọn ìyá ti ń dá wa dúró lẹ́yìn ìsìn pé, "Pásítọ̀, ṣé géèmù tí àwọn ọmọ yìí ń gbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀?" Àwọn ọ̀dọ́ náà ń bi wá ní tiwọn, àmọ́ ìbéèrè tiwọn yàtọ̀: "Daddy, géèmù wo lẹ rò pé ó dára jù?" Àwọn ìyá fẹ́ ká sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni gbogbo ẹ̀, kọ́rọ̀ tán. Àwọn ọmọ fẹ́ ká sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A ò ní sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èrò tiwa ni pé èyí tó dára wà, èyí tó burú náà wà, àti pé èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń gbàdúrà lé lórí kọ́ ló ń kó àwọn ọmọ wa lọ.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé a ò mọ ohun tí à ń sọ. A ti di páàdì mú rí, Mọ́mì jẹ́rìí. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù pàápàá kò sá fún eré. Nígbà tó ń kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì, eré sísá àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ló fi ṣàpẹẹrẹ fún wọn, torí ìlú wọn kò jìnnà síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdíje Isthmia. Ohun tí wọ́n ń fojú rí ló fi bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa náà, ohun táwọn ọmọ Kétu, Alápẹ̀rẹ̀ àti Ìkòsí ń fojú rí la fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní ká mú ọ̀kan ṣoṣo pé òun ló dára jù, Winning Eleven la máa mú, èyí tí wọ́n ń gbá lórí PS2. Ilé iṣẹ́ Konami ní Japan ló ṣe é. Pro Evolution Soccer ni wọ́n ń pè é níbòmíràn, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní PES, ṣùgbọ́n Winning Eleven ni orúkọ tó mọ́ àwa lẹ́nu. Ọdún 2000 ni PS2 jáde, Sony fúnra wọn sì sọ pé àwọn ta tó mílíọ̀nù 160. Èyí tó pọ̀ nínú èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa, tòkunbọ̀ ni, wọ́n ti tú inú ẹ̀ kó lè máa ka síídì Alábá.

Kí ló dé tá a fi mú un? Àkọ́kọ́, èèyàn méjì ló ń jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn gbá a. Ẹ ń rí ojú ara yín, ẹ ń fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ìkejì, ó ní ìparí. Rẹfirí á fọn fèrè, ẹni tó pàdánù á dìde, á gbé páàdì fún ẹni tó kàn. Ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń dìde nígbà tí wọ́n bá nà án, ó ti kọ́ nǹkan tí àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ ìjọ ò tíì kọ́ o! Ìkẹta, àwọn èèyàn wa wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà láyé ìgbà yẹn, ẹ ò lè gbàgbé Inter Milan, tí Adriano àti Obafemi Martins wà níwájú. Ọmọ Èkó ni Obafemi, kó tó di pé ó lọ sí Newcastle ní 2006, kò sí ẹ̀yìn tó lè lé e bá nínú géèmù yẹn. Ẹ kàn ta bọ́ọ̀lù síwájú fún un ni, ó parí. Débi pé níbòmíràn wọ́n fi ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mú Inter.

Èyí tá a máa mú tẹ̀ lé e ni Tekken 3, tó dé orí PlayStation àkọ́kọ́ ní 1998. Ìjà ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìjà tí wọ́n ń jà nínú ẹ̀ jọ ijó, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn nílẹ̀. Ọmọ ọdún méje tí kò mọ nǹkan kan á mú Eddy, á máa tẹ gbogbo bọ́tìnì tó bá rí, á sì na ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ń kọ́ ọ láti àárọ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n. Mario àti Sonic dára fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, a ò ní fìyẹn jà. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tẹ́ ẹ bá ṣì rí Wii tòkunbọ̀ rà, Wii Sports ti 2006 yẹn, màmá màmá gan-an lè gbá tẹníìsì nínú ẹ̀ láì dìde lórí àga.

Ó yá, èyí tó burú ńkọ́?

Grand Theft Auto: San Andreas. Ọdún 2004 ló jáde fún PS2, kò sì sí àdúgbò kan ní Kòsọ́fẹ́ tí kò dé. Ẹ má sọ fún wa pé eré lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án á wọ́ awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, á wa ọkọ̀ lọ, á fi gba arúgbó tó ń rìn lẹ́bàá ọ̀nà, á máa rẹ́rìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, géèmù àgbàlagbà ni wọ́n pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2005 tí wọ́n rí ìṣekúṣe tí àwọn tó ṣe é fi pamọ́ sínú ẹ̀, àwọn tó ń fi àmì ọjọ́ orí sára géèmù gbé e sókè sí ti àwọn tó ti lé ní ọdún 18 nìkan, títí tí wọ́n fi yọ nǹkan náà kúrò. Níbí ńkọ́? Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń gbá a, tó sì ti kọ́ àwọn kóòdù ẹ̀ sórí ju ìsọdipúpọ̀ lọ.

Mortal Kombat náà wà níbẹ̀. 1992 ló jáde. Wọ́n á fa ọkàn jáde láyà èèyàn, wọ́n á yọ orí pẹ̀lú eegun ẹ̀yìn. Nítorí géèmù yìí àti irú ẹ̀ ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe pe àwọn tó ń ṣe géèmù jókòó ní December 1993, ibẹ̀ ni àmì ọjọ́ orí yẹn ti jáde ní 1994. Ẹ̀yin òbí, àmì yẹn wà lára páálí rẹ̀: E fún gbogbo èèyàn, T fún ọmọ ọdún 13 sókè, M fún ẹni tó ti tó ọdún 17. Èyí tó bá wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 18 gàgà ni wọ́n máa ń kọ sí i. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé síídì tí wọ́n ń tà lójú ọ̀nà Kétu, inú ọ̀rá ló wà. Kò ní páálí, kò ní àmì, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ sí i lára. Ojú yín ni àmì. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wò ó fúnra yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

God of War ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Àwọn àgbà ìjọ ní orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó láti dáná sun ún. Òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì ló wà nínú ẹ̀, Kratos ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan sọ fún wa pé, "Daddy, ṣebí ó ń pa òrìṣà ni, ẹ̀yin náà ń wàásù tako òrìṣà." A rẹ́rìn-ín, a ò lè purọ́. Èrò tiwa rèé: àwọn ti PS2 láti 2005 wá, ẹ̀jẹ̀ àti ìhòòhò pọ̀ nínú wọn, kò yẹ ọmọdé rárá. Ṣùgbọ́n èyí tó jáde ní 2018 fún PS4, bàbá kan ni tí ìyàwó rẹ̀ kú, tó ń bá ọmọ rẹ̀ rìn láti gbé eérú ìyá lọ síbi tó ní kí wọ́n dà á sí, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. A mọ bàbá tó pọ̀ ní Ìkòsí tó rí bẹ́ẹ̀. Géèmù àgbàlagbà ṣì ni, ẹ má fún ọmọ. Àmọ́ a ò ní bá wọn pè é ní ti èṣù.

Gbogbo èyí tá a kà yìí, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Géèmù tó burú jù ní àdúgbò wa, èyí tí wọ́n fi owó lé ni. Èyí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán lókè yìí náà sì ni: bọ́ọ̀lù.

Ẹ wọ inú ilé géèmù lọ́sàn-án. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bẹ́ǹṣì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń rú èéfín wọlé. Ọmọ á san owó gbígbá ẹ̀ẹ̀kan. Níbòmíràn, ẹni tó bá pàdánù ló máa san fún àwọn méjèèjì. Ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ wọ́n á ní, "Èló la fẹ́ fi sí i?" Lẹ́yìn wọn ni àwọn géńdé dúró sí, àwọn ìyẹn ò fọwọ́ kan páàdì, orí àwọn ọmọ ni wọ́n ń ta owó lé bí ẹni ń ta á lórí àkùkọ. Kí NEPA wá mú iná lọ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹnì kan ń nà lọ́wọ́. Ta ló ni owó? Ẹ ò ní gbọ́ ìjà Mortal Kombat mọ́, ti ojúkorojú lẹ máa gbọ́, ìgò á fọ́.

Obìnrin kan wà láàárín wa tó ń ta tòmátò ní Mile 12. Ìdájí ló ń jí lọ pàdé ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Ó fi owó apẹ̀rẹ̀ méjì rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sí oníbàárà tó fún un ní ọjà àwìn. Ọmọ yẹn kì í ṣe olè, a mọ̀ ọ́n, ó máa ń gbé àga lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí òun kàn gbá ẹyọ kan. Wọ́n jẹ́ kó jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Kó tó di aago méje alẹ́, owó ìyá rẹ̀ ti tán, ẹ̀rù sì bà á láti wọlé. Ọjọ́ kejì la rí i ní Ọjọ́ta. Ẹ̀yin ará, tẹ́ ẹ bá yọjú wọ ojú fèrèsé nígbà tó ń gbá a, kí lẹ máa rí? Kò sí ẹ̀jẹ̀. Kò sí ìhòòhò. Ẹ máa ní, "Áà, bọ́ọ̀lù lásán ni," ẹ ó sì kọjá.

Àwọn tó ń ṣe géèmù náà sì ti mọ̀ pé owó wà níbẹ̀. Nínú FIFA, tí EA yí orúkọ rẹ̀ sí FC ní 2023, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team. Wọ́n á ta páálí fún ọmọ, kò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀. Ó lè bá Messi, ó lè bá ẹni tí ìyá rẹ̀ nìkan mọ̀. Ó fẹ́ tún ìmíì rà. Ní Bẹ́ljíọ̀mù, ìjọba sọ ní 2018 pé tẹ́tẹ́ nìyẹn, EA sì dáwọ́ owó gbígbà lórí ẹ̀ dúró níbẹ̀ ní January 2019. Àwọn ará Netherlands gbé ti wọn dé kóòtù, kóòtù ní kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ti Bẹ́ljíọ̀mù làwa fara mọ́. Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tẹ́ ẹ so káàdì báǹkì yín mọ́ PlayStation ọmọ, ẹ lọ wò ó lálẹ́ òní.

Ọmọ tó bá ti mọ́ lára láti fi owó lé bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ mélòó ló kù kó dé ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń gbá bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́? Òfin ní kò gbọ́dọ̀ wọlé kó tó pé ọdún 18. Ẹ lọ wo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wa.

A ò ní kẹ́ ẹ bá àwọn tó ni ilé géèmù jà o. Ọmọ èèyàn ni wọ́n, wọ́n ń ra epo, wọ́n ń san rẹ́ǹtì. A ti bá méjì sọ̀rọ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀kan ti kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta owó, kò sì jẹ́ kí aṣọ ilé ìwé wọlé kí aago méjì tó lù. Ìkejì ní tí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà òun á kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwọn ìyá mọ èyí tí wọ́n máa jẹ́ kí ọmọ lọ. Ẹ wọlé síbẹ̀, ẹ kí ẹni tó ni ín, ẹ jẹ́ kó mọ ojú yín àti ti ọmọ yín.

Fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ gbé PS4 wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, a gbà. Bọ́ọ̀lù àti Tekken nìkan. Kò sí owó ìwọlé, kò sí owó fún ẹni tó bá gba ipò kìíní. Kúlà omi àti ráìsì la máa pèsè. A ti rí Winning Eleven kan lọ́wọ́ ẹnì kan, èyí tí Obafemi ṣì wà ní Inter, ẹ bá wa wá PS2 tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ti God of War tí ààrẹ ọ̀dọ́ ń bẹ̀ wá lé lórí láti ọjọ́ Sunday, a ò tíì dá a lóhùn. Kó lọ bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́ ná.