Ara Líle Kò Dúró De Owó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó oúnjẹ, owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ọkọ̀ bá ti pín ìwọ̀nba tí ó wọlé tán, obìnrin mìíràn a máa rò pé ti olówó ni eré ìdárayá, pé ẹni tí ó lè san owó oṣooṣù níbi tí wọ́n kó ẹ̀rọ ìmárale jọ sí ni ó wà fún. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ara kò mọ iye tí a ra ohun tí a gbé. Bí ó ti wúwo tó ni ó mọ̀.

Odó àti ọmọ odó, ọlọ àti ọmọ ọlọ, ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko ni àwọn ìyá wa àgbà fi ń ṣe eré ìdárayá láì mọ̀ pé eré ni àwọn ń ṣe. Lónìí, ẹ̀rọ ni ó ń lọ ata, ọkọ̀ ni ó ń gbé wa dé ọjà, orí ìjókòó sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa wà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ì báà ṣe ní ìsọ̀, ní ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ní ọ́fíìsì. A kò ní kí ẹnikẹ́ni padà sí ìdí ọlọ. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ara, ó yẹ kí a fi òmíràn dípò rẹ̀. Ara tí kì í ṣiṣẹ́ ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tètè máa ń bá, owó ìtọ́jú àwọn àìsàn wọ̀nyí kì í sì í ṣe owó kékeré.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà níyànjú pé, ó kéré tán, kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí ó ń mú kí èémí yá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí a bá pín in, ìṣẹ́jú 30 ni lọ́jọ́, fún ọjọ́ 5. Ẹ lè gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti dé ibi tí ó yẹ. Ilẹ̀ fífọ̀ àti aṣọ fífọ̀ tí ó mú kí èémí yá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n àjọ náà fi kún un pé kí a máa ṣe èyí tí ó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ 2, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ilé nìkan kì í ti í tó.

Ẹ wo ohun tí ó wà nínú ilé yín.

Èkínní ni ìrìn. Bí ọ̀nà kò bá léwu, ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ẹ tó dé ilé, kí ẹ sì yára rin èyí tí ó kù. Ẹni tí kò ráàyè jáde lè dúró lójú kan nínú yàrá, kí ó máa gbé orúnkún sókè bí ọmọ ogun.

Èkejì ni àga. Ẹ gbé àga tí ó dúró dáadáa ti ògiri. Ẹ jókòó, ẹ ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ẹ dìde láì fi ọwọ́ ti ohunkóhun, kí ẹ sì rọra padà jókòó. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, ẹ sinmi, ẹ tún un ṣe. Itan àti ìdí ni èyí ń fún lágbára. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn lè fi ìrọ̀rí sórí àga kí ìjókòó lè ga sí i.

Ẹ̀kẹta ni ògiri. Ẹ na ọwọ́, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri ní ọ̀gangan èjìká. Ẹ rọra tẹ ìgbọ̀nwọ́ títí ojú yóò fi sún mọ́ ògiri, kí ẹ sì ti ara padà.

Ẹ̀kẹrin ni ìgò omi. Ike omi 75cl méjì, tí ẹ bu omi kún tí ẹ sì dé pinpin, ó wọn nǹkan bí kílò mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé wọn láti èjìká sókè orí ní ìgbà 10. Bí ó bá ti rọrùn jù, ẹ lo ike lítà kan àti ààbọ̀, tàbí kí ẹ fi yanrìn gbígbẹ dípò omi.

Ẹ̀karùn-ún ni eré. Okùn fífò, ṣúwè àti ijó sí orin rédíò kò gba kọ́bọ̀. Ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣe é. Inú wọn yóò dùn.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn, aboyún, àti ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì tàbí dókítà léèrè èyí tí ó yẹ ẹ́. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ lè bi wá pé, àyè dà? Òótọ́ ni pé ọwọ́ ìyá ilé kì í dilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tí ó lè jẹun lè fọ abọ́, baálé ilé sì lè wo ọmọ fún ìṣẹ́jú 30. Kì í ṣe ìmẹ́lẹ́ ni kí ìyá tọ́jú ara rẹ̀. Bí ó bá ṣubú lulẹ̀, gbogbo ilé ni yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ má retí pé ẹ ó fọn láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ mú ọjọ́ 3 péré láti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi bírò sàmì sí wọn lára kàlẹ́ńdà. Nígbà tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn tí ẹ kò mí gúlegúle mọ́, ẹ ó mọ̀ pé ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí ara ó le o.