Ta Ni Yóò San Gbèsè Páànù?

Ní Djègan-Kpèvi, bí ó ti rí káàkiri Àjàṣẹ́, gbólóhùn kan wà tí kò ṣàjèjì nígbà tí tọkọtaya tí kò bímọ bá fẹ́ pínyà: pé àṣà ni ó ní kí obìnrin tí kò fi ọmọ sílẹ̀ nílé ọkọ di ẹrù aṣọ rẹ̀ nìkan. Àwọn tí ń sọ ọ́ a sì máa fi orúkọ àwọn baba ńlá tì í lẹ́yìn.

Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ àwọn baba ńlá náà. Àṣà Yorùbá kò da owó ọkọ pọ̀ mọ́ owó aya. Èrè ọjà obìnrin, tirẹ̀ ni. Bí ó bá kú láìbímọ, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀, kì í ṣe ọkọ. Aya náà kì í jogún ọkọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ogún ń tọ̀. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ìdí èyí múlẹ̀ ní 1957 nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu. Òfin náà le fún opó, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ọkọ tí kò lè jogún aya tí ó kú, kí ni yóò fi gba ohun-ìní aya tí ó ṣì wà láàyè?

Ìwé kan tí àwọn Faransé gbé jáde ní 1931, Coutumier du Dahomey, ni gbólóhùn náà jọ. Ìwé yẹn ka obìnrin mọ́ dúkìá tí a ń jogún. Ní 1996 ni Ilé-Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ti Benin kéde pé kò ní agbára òfin. Ẹni tí ó bá ṣì ń fi èrò inú rẹ̀ dájọ́, ẹnu ajẹ́lẹ̀ ni ó ń lò, kì í ṣe ẹnu ọba.

Òfin ìdílé ti ọdún 2004 mọ ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú aṣojú ìjọba nìkan. Bí tọkọtaya kò bá yan ètò mìíràn, kálukú ni ó ni ohun-ìní rẹ̀ àti gbèsè rẹ̀, àyàfi gbèsè ìtọ́jú ilé tí ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó jọ pé ó bá àṣà mu. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀fìn wà. Obìnrin kó àjọ, ó tún yá owó kún un ní orúkọ ara rẹ̀. Owó náà di bíríkì àti páànù lórí ilẹ̀ ẹbí ọkọ. Lọ́jọ́ ìpínyà, ilé di ti ẹbí ọkọ nítorí ilẹ̀, gbèsè di ti obìnrin nítorí pé òun ni ó buwọ́ lùwé. Bí ọmọ bá wà, wọn a ní ọmọ rẹ̀ ni yóò gbé ibẹ̀. Láìsí ọmọ, wọn kì í tilẹ̀ wá àwáwí. (Ọkùnrin tí ó yáwó fi ra ọjà sí ìsọ̀ aya rẹ̀ ń jẹ irú ìyà yìí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.)

Kí àwọn baálé àti àwọn ìyá àgbà tí ń jókòó sí irú ọ̀rọ̀ yìí yí ìbéèrè wọn padà. Kí wọ́n yé bi obìnrin léèrè iye ọmọ tí ó bí; kí wọ́n béèrè ibi tí owó wọlé sí. Kí a kó ìwé àjọ àti ìwé owó tí a yá sórí ẹní, kí olórí àjọ jẹ́rìí. Gbèsè tí ó di páànù, ẹni tí páànù náà ń bò lórí ni kí ó san án. Bí ẹbí ọkọ bá sì ń béèrè owó ìdána padà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó bíríkì, kí wọ́n sì ka ìyókù sí obìnrin náà lọ́wọ́ kí ó tó di ẹrù rẹ̀.