Kí Ló Wà Lábẹ́ Ọ̀dà Yẹn?

Ní oṣù tó kọjá, àbúrò mi kan tó ń gbé ní ìlú Lyon fi àwòrán ọkọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi. Peugeot 504 ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, a sì lè ká a sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Ọ̀dà rẹ̀ pupa, ó ń dán. Ẹni tó fẹ́ tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1971 ni wọ́n ṣe é, pé wọ́n ti tún un ṣe pátápátá, wọ́n sì ti fi ohun ìgbàlódé kún un: gíá onípele márùn-ún tí wọ́n yọ lára Peugeot 505, ẹ̀rọ tuntun tí ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, awọ tuntun lórí àwọn àga. Àbúrò mi wá béèrè pé: "Ẹ̀gbọ́n, owó tí mo fi ọdún mẹ́rin kó jọ ló máa gbà. Ṣé kí n rà á?"

N kò lè dá a lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ni nínú àwa tó ti lé ní ogójì ọdún tí kò wọ 504 rí láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́, tí èrò mẹ́sàn-án há mọ́ra wọn, tí ewúrẹ́ sì ń ké lórí ẹrù? Ní Kàdúná, lọ́dọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní ọdún 1975, 504 sì wà nínú wọn. Àwa kì í pe ọkọ̀ yẹn ní ọkọ̀ olówó. Ọkọ̀ ọjà ni, ọkọ̀ òkú, ọkọ̀ ìyàwó.

Síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni takisí wa àti ọkọ̀ pupa yìí. Ní ọdún 1968 ni 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin jáde. Ní ọdún kejì, níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Geneva, Peugeot fi èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká han aráyé. Pininfarina, àwọn oníṣẹ́ ọnà ọkọ̀ ní Turin ní Itálì, ló ya á, àwọn náà ló sì ń rọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ sí Sochaux ní ilẹ̀ Faransé kí wọ́n tó fi ẹ́ńjìnnì sí i. Wọ́n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrú: àlàfo láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn, tó jẹ́ mítà 2,74 lára ti onílẹ̀kùn mẹ́rin, di mítà 2,55. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì oníhò mẹ́rin inú rẹ̀, ẹbí kan náà ni pẹ̀lú èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń tú tí wọ́n sì ń tò nídìí igi máńgòrò. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ara ọkọ̀ ni. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 1983, kò pọ̀ níta, ilẹ̀kùn takisí kò sì lè bá a mu láéláé.

Mo sọ fún àbúrò mi pé kí ó gbàgbé awọ orí àga ná. Lára ọkọ̀ mìíràn, òrùlé a máa bá ìsàlẹ̀ gbé ẹrù. Ọkọ̀ aláṣọ lórí kò ní olùrànlọ́wọ́ yẹn; irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Bí irin náà bá dógùn-ún, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín bí ẹ̀yìn ẹṣin arúgbó. Kí ó fi jáàkì gbé e sókè, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí ó tún tì í: bí ilẹ̀kùn bá ń há, ọ̀rọ̀ ti yọ. Kí ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ wé òòfà kékeré kan, kí ó sì máa fi kan ara ọkọ̀ náà. Ibi tí òòfà kò bá ti dì mọ́ ọn, mástíìkì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Èdè Faransé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ ya "restaurer" sọ́tọ̀ kúrò lára "moderniser", ṣùgbọ́n àwọn tó ń tajà fẹ́ràn láti so méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan ń dá ọkọ̀ padà sí bí ó ṣe rí ní ọjọ́ tó kúrò ní Sochaux. Èkejì ń mú un kúrò níbẹ̀. N kò kórìíra gíá onípele márùn-ún o! Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ariwo á dín kù, epo náà á dín kù. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á kó gíá àtijọ́ fún ẹni tó ń rà á. Ìdí rẹ̀ nìyí: kí ọkọ̀ tó lè gba "carte grise de collection" ní ilẹ̀ Faransé, ó gbọ́dọ̀ ti pé ọgbọ̀n ọdún, kí wọ́n má ṣe irú rẹ̀ mọ́, kí ohun pàtàkì inú rẹ̀ má sì yí padà. Ohun tí wọ́n pè ní ìmúdára lè di ìdíwọ́ nígbà tí ìwé bá délẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, àbúrò mi lọ wò ó. Ilẹ̀kùn ṣí dáadáa, ó tì dáadáa. Òòfà dì mọ́ ibi gbogbo, àyàfi lábẹ́ ilẹ̀kùn òsì, níbi tó gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ọkùnrin náà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun ní àwòrán tí wọ́n yà kí wọ́n tó kun ọkọ̀ náà, nítorí ẹni tó bá tú irú ọkọ̀ yìí palẹ̀ ní tòótọ́ a máa ya àwòrán iṣẹ́ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwòrán mọ́kànlá dé. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: àga, ọwọ́ ìtukọ̀, òrùlé aṣọ, àga lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ìkankan tí wọ́n yà kí ọ̀dà tó dé. Àbúrò mi ti kọ̀wé sí i padà, ó ń retí èsì. Owó ọdún mẹ́rin náà ṣì wà ní báńkì.