Ta ló kọ "bí" tó wà nínú fóònù wa?

Bí ìyá ọlọ́jà kan ní Kétu bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lórí fóònù, kì í pẹ́ tí èsì fi ń dé: owó ti lọ, tàbí owó kò lọ. Bí kò bá lọ, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Ẹ̀rọ ló ní kò ṣeé ṣe." Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́. Ẹ̀rọ kì í dá ìpinnu ṣe. Ènìyàn kan ló ti jókòó síbì kan, tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé, bí báyìí bá rí báyìí, ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má ṣe é.

Èyí wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, "if" ni wọ́n ń kọ fún "bí", "else" sì ni "bí bẹ́ẹ̀ kọ́". Àwọn ọmọ wa tó ń fi Faransé kàwé ń pè é ní "si" àti "sinon". Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́: bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ọ̀nà méjì. Bí ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń yan ọ̀nà náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú un wá sí ọjà. Ká ní ẹ̀yin tó ń ta àgbàdo ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí ọmọ kan bá yín kọ ètò tí yóò máa ṣírò owó. Ẹ sọ fún un pé, ẹni tó bá ra àpò 10, ẹ ó yọ 5.000 sẹ́fà fún un. Ọmọ náà wá kọ ọ́ pé, "Bí àpò bá ju 10 lọ, yọ 5.000." Oníbàárà tó ra àpò 10 géérégé kò ní rí nǹkan kan gbà, nítorí 10 kò ju 10 lọ. "Bí àpò bá tó 10" ló yẹ kó kọ. Láàárín "tó" àti "ju", oníbàárà ti bínú lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn, ẹ kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Èwo ló ṣáájú náà ṣe pàtàkì. Ká ní ẹ fi kún un pé ẹni tó bá ra àpò 50, ẹ ó yọ 40.000 fún un. Bí ọmọ náà bá kọ ti 10 ṣáájú, tó wá kọ ti 50 tẹ̀ lé e pé "bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ó bá tó 50", ẹni tó ra 50 yóò gba 5.000 péré. Ìdí ni pé 50 náà tó 10: ẹ̀rọ ti rí "bí" àkọ́kọ́ tó bá a mu, kò sì ní wo ti ìsàlẹ̀ mọ́. Ti 50 ló yẹ kó wà lókè.

Ohun tó kàn wá jùlọ ni "bí bẹ́ẹ̀ kọ́". Ibẹ̀ ni wọ́n ń ti àwọn tí ẹni tó kọ ètò kò rántí sí. Bí ó bá kọ ọ́ pé, "Bí gbogbo lẹ́tà orúkọ bá wà láàárín A sí Z, gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sọ pé orúkọ kò dára," orúkọ ọmọ wa tó ní ẹ tàbí ọ, tàbí ɛ àti ɔ bí a ti ń kọ wọ́n ní Benin, yóò di orúkọ tí kò dára. Àṣìṣe kò sí lọ́dọ̀ ọmọ náà. Ní àkókò tí a ti ń béèrè ìwé ìbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

Àwọn kan á ní, kí ni ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ fi èyí ṣe? Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ ìṣirò ló di akọ̀wé owó, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n, wọn kì í rẹ́ ẹ jẹ lọ́jà.

Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní "bí" àti "bí bẹ́ẹ̀ kọ́" kí ẹ tó gbé "si" àti "sinon" fún wọn. Òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ igi tó láti fi bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò bá sí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò, ẹ wá bi àwọn ìyá ọlọ́jà kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló ní kò ṣeé ṣe, ẹ bi wọ́n pé: "Bí" wo ni ẹ kọ sínú rẹ̀, ta ló sì lè tún un kọ?