Èló Ni Kí Á Máa Fún Ọmọ Wa Ní Yunifásítì?

Ẹ̀yin òbí wa nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ yín ló ń bi wá ní ìbéèrè yìí. A kò lè dá iye kan lé gbogbo yín lórí. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó ní 2024, 20,000 náírà lóṣù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ara wọn. Ẹni tó bá ń ra gààrì lọ́jà mọ̀ pé ìyẹn kò tó jẹun oṣù kan. Ṣùgbọ́n owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin là sílẹ̀ lọ́dún kan náà, 70,000 náírà ni. Bí bàbá tó ń gba iye yìí bá ní ọmọ méjì níbẹ̀ ńkọ́?

Ẹ pe ọmọ jókòó kí ó tó wọlé. Ẹ jọ ṣírò ìrẹsì, ẹ̀wà, epo, owó ọkọ̀ àti fọ́tòkọ́pì, kí ẹ sì sọ ibi tí agbára yín mọ fún un. Ẹ má sì kó gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan o! Ọmọ inú Lúùkù 15 gba tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìdí ẹlẹ́dẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Èyí tó ń dùn wá jù ni ti òbí tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ fún oṣù méjì, tí ọmọbìnrin rẹ̀ gbé fóònù olówó ńlá wálé, tó wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run láìbéèrè ẹni tó rà á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ béèrè. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì nínú yàrá, kí ẹ̀rù má baà jẹ́ kó purọ́.